"Get" Níbi Iṣẹ́, "Àná" Nílé

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹfà

Ọ̀gá pín iṣẹ́ fún wa lónìí. Ọ̀gbẹ́ni Àmì, tí kì í gbójú fo àmì ohùn kankan, gba "give", ó sì ń rẹ́rìn-ín sínú bí ẹni tí wọ́n fún ní ìsinmi. Èmi ni wọ́n gbé "get" lé lọ́wọ́. Ọ̀gá ní, "Màmá, ẹ̀yin nìkan lẹ lè ṣe é." Mo ti mọ̀ pé bí ọ̀gá bá ti sọ báyìí, àwọn yòókù ti sá fún un ni. Àárín oṣù tó ń bọ̀ ni lẹ́tà G gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé. Ó tún ka òfin fún wa bí ẹni pé àná la bẹ̀rẹ̀ ìwé atúmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá yìí: káàdì kan fún ìtumọ̀ kan, gbólóhùn tí èèyàn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ni kí a kọ sí i, a ò gbọdọ̀ jókòó hùmọ̀ rẹ̀, ẹlẹ́rìí méjì sì gbọ́dọ̀ gbà pé ohun tí ẹni náà ní lọ́kàn nìyẹn. Àpótí káàdì "get" wúwo débi pé ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbé e.

Mo kọ "àná" sókè yìí tán ni mo tó rí i pé mo kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn mọ́.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pè nírọ̀lẹ́. Ó ní, "Ìyàwó, ìwọ náà wò ó. Láti ìgbà tí àìsàn rọpárọsẹ̀ yìí ti dá àbúrò mi dùbúlẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu rẹ̀. Ojoojúmọ́ lo ń lọ síbi iṣẹ́. Ta ló ń gbọ́ ohun tó fẹ́?" Ó ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù tó ń bọ̀ lòun máa gbé mọ́tò wá, òun ó mú àbúrò òun lọ sílé òun. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe sùúrù. Ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Bó bá lè fi yé èmi fúnra mi pé òun fẹ́ dúró kó tó di ọjọ́ yẹn, n ò ní fọwọ́ kàn án. Bí kò bá lè fi yé mi, mò ń mú un lọ nìyẹn."

Rédíò ni àwọn oníbàárà ń pe ọkọ mi ní ṣọ́ọ̀bù gbàjámọ̀ rẹ̀, nítorí kò lè gé irun ẹnì kan délẹ̀ kó má sọ ìtàn mẹ́ta. Nísinsìnyí, bó bá fẹ́ omi, àná. Bó bá yó, àná. Bí ẹsẹ̀ ọ̀tún tí kò gbọ́ràn mọ́ yẹn bá ń dùn ún, àná. Mo jókòó tì í, mo bi í bóyá ó fẹ́ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo bi í bóyá kò fẹ́ lọ. Ó tún mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Mo rò pé "get" á rọrùn: "rí gbà", ó parí. Káàdì àkọ́kọ́ ní ẹnì kan "get" lẹ́tà, ó gbà bẹ́ẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e ní ẹnì kan "get" ilé. Kì í ṣe pé wọ́n fún un nílé o, ó kàn délé ni. Ẹlòmíràn "get" àgbà, kò sí ẹni tó fún un. Ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀ gbọ́ àwàdà kan, ó ní òun ò "get" ẹ̀, ìyẹn ni pé kò yé e. Ọlọ́pàá "get" olè: ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ẹnì kan lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kó "get" síta. Mo to káàdì sórí tábìlì títí tábìlì fi kún, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í to ìyókù sílẹ̀. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ wọlé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ibo ni kí n fẹsẹ̀ sí?" Mo fọwọ́ sún òkìtì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún un.

Ọ̀gbẹ́ni Àmì mu tíì rẹ̀ tán, ó ní kí n má da ara mi láàmú, pé òun ti kọ "fún" sí "give", òun sì ti ń kó ẹrù òun. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú ló fata sẹ́nu yìí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Òjò láti àárọ̀. Mi ò rí ìtumọ̀ kan ṣoṣo parí. Rédíò ń sọ àná, èmi ń sọ kí ni.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Káàdì dókítà kan ló gba gbogbo ọ̀sán mi lónìí: ẹnì kan "get" ọ̀fìnkìn. Nílé wa, ọ̀fìnkìn ló ń mú èèyàn. Òjò ló ń pa èèyàn, oorun ló ń kun èèyàn, ebi ló ń pa á. Nǹkan ló ń wá bá wa, àwa kọ́ la wá a lọ. Òyìnbó ní tirẹ̀ "get" ọ̀fìnkìn bí ẹni tó lọ sọ́jà, tó ná an, tó sì gbé e wálé. Mo sọ èyí fún Ọ̀gbẹ́ni Àmì. Ó ní, "Màmá, ẹ ṣáà kọ 'mú' sí i." Mo ní ta ló mú ta? Ó wò mí títí, ó fi mí sílẹ̀.

Mo ronú nípa rẹ̀ dé ilé. Ṣé Rédíò ló "get" àìsàn yìí ni, àbí àìsàn ló mú Rédíò? Ọkùnrin tó jí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, tó ń kọrin, tó ń fá irùngbọ̀n ara rẹ̀. Mi ò rò pé ó wá nǹkan kan lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

A lọ sí ọsibítù. Obìnrin tó ń kọ́ àwọn aláìsàn ní ọ̀rọ̀ sísọ kéré lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ó ní sùúrù. Ó fi àwòrán han Rédíò, ó ní kó tọ́ka sí ife. Ó tọ́ka sí bàtà. Ó ní kó tọ́ka sí bàtà, ó tọ́ka sí obìnrin náà fúnra rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá àwàdà ni. Bó bá jẹ́ tẹ́lẹ̀ ni, àwàdà ni ìbá jẹ́.

Ó pè mí sẹ́yìn. "Mà, ẹ má máa bá wọn parí ọ̀rọ̀. Orí tí wọ́n ń mì yẹn, ẹ má gbára lé e. Ojú wọn ni kẹ́ ẹ máa wò, àti ọwọ́ wọn, àti ohun tó wà nítòsí nígbà tí wọ́n bá sọ̀rọ̀."

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn. Iṣẹ́ mi kọ́ nìyẹn? Bí a bá fẹ́ mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan, a ó wo ohun tó yí i ká. Mo ti ní káàdì òfìfo nínú báàgì. Ká tó dé ilé, mo ti kọ àkọ́kọ́: *Àná. Ó ń wo ife. Omi.*

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Ó ṣiṣẹ́! Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní àná, mo bá mú ìbọ̀sẹ̀ wá, ojú rẹ̀ sì tàn. Káàdì ti di mẹ́sàn-án nílé. Níbi iṣẹ́ náà, mo ti di "get" sí òkìtì mọ́kànlá, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú rọ́bà rẹ̀. Owó rọ́bà gan-an ti lé sí i ní ìsọ̀ olùta-ìwé, ó ní dọ́là ló fà á. Mo sọ fún Rédíò pé èmi àti òun ni a ó kọ́kọ́ parí ìwé wa kí Ọ̀gá tó parí tirẹ̀.

Ohun kan ló rú mi lójú. Láàárọ̀, bí mo bá ti ń wọ bàtà, ó máa ń na ọwọ́ òsì sí fèrèsé, á máa pariwo àná. Mo kọ ọ́ pé: *Ṣí fèrèsé.* Mo ṣí i. Òjò fẹ́ wọlé, ó pa á lórí àga. Ó pariwo. Mo pa fèrèsé dé. Ó tún pariwo. Mo lọ síbi iṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rí ọkàn tó ń dà mí láàmú, mo sì tún pẹ́ dé.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Òkìtì kan kọ̀, kò gbà kí n di òun. Olùkọ́ kan ló sọ ọ́: òun "get" ọmọ kan láti jẹun. Báwo ló ṣe ṣe é? Ṣé ó bẹ̀ ẹ́ ni? Ṣé ó fi tipátipá mú un? Àbí ó tàn án? Yorùbá á fẹ́ mọ̀. A kò lè kàn sọ pé mo ṣe é títí ó fi jẹun, kí ẹni tó ń gbọ́ má béèrè pé báwo. Òyìnbó gbé gbogbo rẹ̀ sábẹ́ "get", ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Mo pe olùkọ́ náà lórí fóònù. Ó ní, "Mà, mi ò rántí. Ó ṣáà jẹun."

Mo dé ilé, Rédíò kò fẹ́ jẹun. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo fi ṣíbí kàn án lẹ́nu, ó gbé orí kúrò. Mo wá ní bàbá ọ̀hún ti ṣẹ́gun, èmi ni n ó jẹ ẹyin àti búrẹ́dì yìí, mo gé búrẹ́dì, mo ń jẹ ẹ́ lójú rẹ̀. Ó gba àwo lọ́wọ́ mi, ó jẹ ẹ́ tán. Ẹ̀tàn nìyẹn. Ojú tì mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ó jẹun.

Ẹ̀gbọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, bó ṣe máa ń ṣe bí ọ̀rọ̀ bá wúwo. Ó ní àwọn ó "get" àbúrò òun láti fara mọ́ ilé tuntun. Mo ka gbólóhùn yẹn títí. Nípa ẹ̀bẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n? Nípa agbára?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ilẹ̀ ì bá lanu kó gbé mi mì lónìí.

Atẹ̀wé dá ojú ìwé àkọ́kọ́ ti "get", èyí tí mo ti fi ránṣẹ́ ṣáájú, padà kí a tún un wò. Mo ti ń gbé káàdì ilé àti káàdì iṣẹ́ sínú báàgì kan náà láti ọjọ́ yìí wá. Ìtumọ̀ kẹrìnlá rèé, tí wọ́n tẹ̀ gàdàgbà, lẹ́tà rẹ̀ dán: *Àná! (Ó ń na ọwọ́ òsì.) Ṣí fèrèsé.*

Ọ̀gbẹ́ni Àmì ló kọ́kọ́ rí i. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Àmì orí rẹ̀ pé o." Ó wá gbé e lọ bá Ọ̀gá.

Ọ̀gá pè mí wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Mo rò pé iṣẹ́ ti bọ́. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀: Rédíò, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọjọ́ kẹrìnlá, káàdì. Ó gbé ojú ìwé náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó ń wò ó. Lẹ́yìn náà ó bi mí pẹ̀lú ohùn tó fi ń bi gbogbo wa, "Ẹlẹ́rìí kejì ńkọ́?"

Mo ní kò sí.

"Ẹ̀yin nìkan lẹ sọ pé fèrèsé ló ní kẹ́ ẹ ṣí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, Màmá, kò tíì ní ìtumọ̀. Ẹ mú un padà sílé."

Mo ń sunkún, mo sì ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń jáde. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹnìkan ò tíì bi mí ní ìbéèrè yẹn láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ káàdì.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Ìyá Òkè, aládùúgbò wa tó ń gbé lókè, ló ń sọ̀ kalẹ̀ wá jókòó ti Rédíò bí mo bá lọ síbi iṣẹ́. Ó ti fẹ̀yìn tì nídìí tíkẹ́ẹ̀tì tó ń tà ní ibùdókọ̀, aṣọ òtútù ló ń hun báyìí fún gbogbo ọmọ-ọmọ rẹ̀, yálà òtútù mú wọn o tàbí kò mú wọn. Lónìí mo ka káàdì fèrèsé sí i létí. Ó dá abẹ́rẹ́ dúró.

"Fèrèsé wo lo ń ṣí? Àga ló ní kí o gbé lọ síbẹ̀."

"Àga?"

"Kó lè máa wò ọ́ nígbà tó o bá ń lọ ni. Bó o bá ti jáde tán, èmi ni mo máa ń gbé e lọ síbẹ̀. Á wò ọ́ títí wàá fi yí kọ́nà. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, a ó tún padà síbẹ̀. Ọmọ yìí, o ò mọ̀?"

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi, mà?"

"O ò bi mí. Ìyàwó tó ń kọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ fún gbogbo ayé, ṣé èmi ni n ó wá máa sọ ti ọkọ rẹ̀ fún un?"

Ọkùnrin náà fẹ́ rí mi nígbà tí mo bá ń lọ, èmi ń fi òjò pa á.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje

Mo ní kí n gbẹ̀san lára àìmọ̀ mi. Èmi àti Ìyá Òkè jókòó sí tábìlì ìjẹun, mo ń ka káàdì, ó ń gbà tàbí kó kọ̀. Omi, ó gbà. Ìbọ̀sẹ̀, ó kọ̀: ó ní kí n fọwọ́ pa á lẹ́sẹ̀ ni, nítorí ó ń dùn ún, ṣùgbọ́n ìbọ̀sẹ̀ náà sàn ju kí n má fọwọ́ kàn án rárá. Iyọ̀, ó kọ̀. Rédíò tí wọ́n ń gbọ́, ó ní kí a pa á ni, kì í ṣe kí a yí i sókè. Káàdì ń ṣubú lọ́wọ́ mi bí eyín arúgbó. Bí mo bá sọ ọ̀kan, tí Ìyá Òkè sọ òmíràn, a ó jọ máa jiyàn, ohùn wa ń lọ sókè.

Igi tí Rédíò fi ń rìn ló balẹ̀ lórí tábìlì wa, gbàà! Káàdì fò. Ó dúró tì wá, ojú rẹ̀ pọ́n. "Àná!" ló wí. "Àná, àná, àná!" Ó fẹ̀yìn sí wa, ó wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sí yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Ìyá Òkè ká òwú rẹ̀. Ó ní, "Ìyẹn ò nílò ẹlẹ́rìí." Ó gun àtẹ̀gùn lọ.

Ó wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí à ń jiyàn, àwa ń dá ẹjọ́ rẹ̀ bí ẹni tó rìnrìn àjò. Bí ẹnì kan bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi, mi ò ní fi igi lu tábìlì nìkan.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta

Mo bẹ Rédíò. Ó ní àná. Mi ò mọ̀ bóyá ó ti dárí jì mí ni tàbí ó ní kí n pa iná. Mo pa iná.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà

Òjò dá díẹ̀, mo sá aṣọ. Ọmọ wa obìnrin pè láti ìlú tó ti ń kàwé. Ó bi mí lédè Gẹ̀ẹ́sì bóyá Dádì ń "get" sàn. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ wà níbẹ̀?" Mo ní mo wà níbẹ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ìtumọ̀ yìí wà lábẹ́ òkìtì kẹta, mo ti kọ ọ́ fúnra mi: *di, dà.* Ara ń yá. Ṣùgbọ́n ara ta ló ń yá, àti láti ibo dé ibo? Apá rẹ̀ ti ń lágbára sí i. Ó lè dìde láìsí èmi. Ọ̀rọ̀ ṣì jẹ́ ẹyọ kan. Mo sọ fún ọmọ náà pé à ń yí i bó ṣe ń yí. Ó ní kí n gbé fóònù fún bàbá òun. Rédíò gbé e sétí, ó sọ "àná" pẹ́ títí, ó ń fẹjọ́ sùn, ó ń dákẹ́, ó ń gbọ́, ó tún ń sọ. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín lódìkejì. Àwọn méjèèjì ló mọ ohun tí wọ́n sọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án

Ẹ̀gbọ́n pè. Wọ́n ti kun yàrá ìsàlẹ̀ ní àwọ̀ ewé, wọ́n ti fi irin ìdìmú sí ilé ìwẹ̀, dókítà kan ń gbé ní ojúlé kejì sí wọn. Mo ti gbára dì láti bá a jà, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Ìyàwó, èmi ni mo pọ̀n ọ́n. Ìyá wa ń lọ sí oko, èmi ni mo máa ń pọ̀n ọ́n. Kò tíì lè sọ̀rọ̀ nígbà náà, síbẹ̀ gbogbo ohun tó bá fẹ́ ni mo mọ̀. Nísinsìnyí mo jókòó tì í, ó ń wò mí, mi ò mọ̀ ọ́n mọ́." Ó ń sunkún. Àgbà ọkùnrin.

Mi ò lè kórìíra rẹ̀ mọ́, ìyẹn sì tún wá mú kí ọ̀rọ̀ náà lọ́jú pọ̀ sí i. Ilé rẹ̀ dára ju ilé wa lọ. Ẹnìkan á máa wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ṣé nítorí Rédíò ni mo ṣe ń dì í mú, àbí nítorí ara mi? Bí mo bá wọlé tí kò sí lórí àga yẹn, mi ò mọ ohun tí màá fi ojú mi wò. Bóyá èmi ni mi ò fẹ́ lọ sí ibikíbi, tí mò ń kọ ọ́ sí orúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá

Mo fi "get" sílẹ̀ lónìí. Ọ̀gá bi mí bóyá ó ti tán. Mo ní kò tán, mo kàn dúró ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí.

Sí òkìtì olóríkunkun yẹn, mo kọ: *mú kí ẹnì kan ṣe nǹkan, yálà nípa ẹ̀bẹ̀ ni o, tàbí agbára, tàbí ẹ̀tàn, gbólóhùn fúnra rẹ̀ kì í sọ èyí tó jẹ́.* Ọ̀gbẹ́ni Àmì ní ó gùn jù. Ọ̀gá ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. "Give" kò tíì parí, àṣé "fún" nìkan kọ́. Mo kàn gbé tíì fún un.

Ọ̀tunla ni ọjọ́ kẹrìnlá.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo ń kọ èyí lójú ọ̀sán.

Ẹ̀gbọ́n dé lẹ́yìn òjò. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, bàtà aláwọ dúdú tó ń dán, ó fi ìbọ̀sẹ̀ wọlé. Ó dì mọ́ àbúrò rẹ̀ pẹ́. Mo ti di ẹrù Rédíò sínú àpótí kan, nítorí mo ti ṣèlérí fún un lórí fóònù. Ó rí i, ó gbójú kúrò.

Ó jókòó, ó bá Rédíò sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó sọ ti yàrá, ti dókítà, ti afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé. "Àbúrò mi, ṣé wàá bá mi lọ?"

Rédíò mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ̀gbọ́n yíjú sí mi. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi í bóyá ibí ló fẹ́ dúró sí."

Ó bi í. Rédíò mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá fi kún un fúnra rẹ̀: "Àná."

Ẹ̀gbọ́n fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. "Kí nìyẹn túmọ̀ sí báyìí? Ìyàwó, ìwọ lo mọ̀ nípa ìtumọ̀. Iṣẹ́ rẹ nìyẹn. Sọ fún mi, n ó gbà á gbọ́. Kí ló sọ?"

Kò sí ohun tó rọrùn tó kí n purọ́. "Ó ní òun fẹ́ dúró": gbólóhùn kan péré, Ẹ̀gbọ́n á sì lọ. Ẹnu mi ti là. Mo wo Rédíò, ó ń wò mí, ó ń dúró de ohun tí màá fi sí i lẹ́nu. Inú bí mi sí ara mi.

"Mi ò mọ̀, sà," ni mo wí. "Mo fẹ́ kó dúró. Mo fẹ́ ẹ gan-an ni. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè sọ fún yín ohun tó sọ."

Omi òjò ń kán láti orí páànù.

Rédíò ló dìde. Ó fi ọwọ́ òsì ti àga, ó gba igi rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà. Mo rò pé ó ń lọ sínú mọ́tò. Ẹ̀gbọ́n dìde láti dì í mú, Rédíò fi igbọ̀nwọ́ tì í sẹ́yìn. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó fara ti ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí mo fi fẹ́ pariwo. Ó mú bàtà Ẹ̀gbọ́n kan, ó yí i, ó sì gbé e kalẹ̀ kí imú rẹ̀ lè kọjú síta. Ó sinmi. Ó mú ìkejì, ó yí i bákan náà. Ó tò wọ́n pọ̀ dáadáa, ìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Ó na ara rẹ̀ sókè, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fi igi tọ́ka sí bàtà náà.

"Àná," ló wí, pẹ̀lú ohùn tó fi ń lé oníbàárà tí kò fẹ́ kúrò lórí àga.

Ẹ̀gbọ́n wo bàtà. Ó wo àbúrò rẹ̀. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ikùn rẹ̀, ó ń mì í, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún. "Ọmọ tí mo pọ̀n! Ó ń lé mi! Ìyàwó, o rí i? Ó ń lé mi jáde nílé rẹ̀!" Ó wọ bàtà rẹ̀ níbi tí wọ́n tò ó sí. Ó gbá àbúrò rẹ̀ mọ́ra. "Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Ó ti dénú mi, ó ti di odindi." Ó ní òun á máa wá ní ọjọ́ Àìkú, òun á sì mú irin ilé ìwẹ̀ yẹn wá fi síbí. Ó ní kí n tú àpótí yẹn kí òun tó jáde, kí òun fi ojú òun rí i. Mo tú u lójú rẹ̀.

Nígbà tí ìró mọ́tò Ẹ̀gbọ́n lọ tán, a jókòó. Mi ò lè mú un mọ́ra. Mo bi Rédíò pé, "Àná tó o sọ gbẹ̀yìn yẹn, kí ló túmọ̀ sí gan-an?"

Ó wò mí títí, bí wọ́n ṣe ń wo ẹni tí kò gbọ́ èdè.